Ojú Nìkan Kọ́ Ni A Fi Ń Yan Àtẹ̀gùn: Ohun Tí A Rí ní Third Ward

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń pa òwe yìí níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, a kò sì ronú rẹ̀ rí pé ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ilé lè wà nínú rẹ̀, àfi ọjọ́ tí a lọ sí ibi ìkómọ kan ní Third Ward, níhìn-ín ní Houston.

Ilé tuntun ni ilé náà, alájà mẹ́ta. Mọ́tò ló ń sùn nísàlẹ̀, pálọ̀ wà ní àjà kejì, yàrá wà lókè pátápátá. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ni gbogbo àlejò kọ́kọ́ ń yìn: pákó nínípọn tí wọ́n tò sórí irin kan ṣoṣo, tí àárín wọn ṣí sílẹ̀, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé wọn dúró. Wáyà irin tín-ín-rín ni wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pákó pẹlẹbẹ kan tí ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló sì wà lórí wáyà náà. Ìyá bàbá ọmọ, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wá láti Abẹ́òkúta nítorí ọmọ yìí. Mama gun ìgbésẹ̀ mẹ́rin, wọ́n wo àárín pákó, wọ́n rí ilẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé pákó pẹlẹbẹ, ọwọ́ wọn yọ̀. Wọ́n di wáyà mú, wáyà tẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ni wọ́n bá jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ gbé ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi o. Èmi ò lè gun ọ̀pẹ mọ́."

Ibi tí mọ́tò ń sùn ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. A rẹ́rìn-ín, a ya fọ́tò, a jẹ, a mu. Ìgbà tí a délé ni ọ̀rọ̀ náà tó wá ń dùn wá.

Onílé yẹn kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe aláìnífẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Owó gidi ló ná sí àtẹ̀gùn yẹn. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ojú nìkan ló fi yàn án. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi ń gun àtẹ̀gùn, ọwọ́ ni a fi ń di irin rẹ̀ mú. Ojú kàn ń bá wọn lọ ni. Nínú ìwé wa yìí, a máa ń yẹ ìwé wò, a máa ń yẹ orin àti eré wò. Ẹ jẹ́ kí a yẹ àtẹ̀gùn wò lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ló ń kọ́lé, tí ó ń tún ilé ṣe, tàbí tí ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Third Ward ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé níbẹ̀ ni àtẹ̀gùn àtijọ́ àti ti ìgbàlódé ti ń wo ara wọn lójú.

Àwọn ilé funfun òpópónà Holman

Ẹni tí ó bá gba òpópónà Holman kọjá yóò rí àwọn ilé funfun kéékèèké tí wọ́n tò bí eyín. Shotgun ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀: yàrá tẹ̀lé yàrá, ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré wà níwájú. Ní 1993, Rick Lowe àti àwọn oníṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú mẹ́fà mìíràn dìde sí 22 nínú irú ilé yìí tí wọ́n ti ń di ahoro, wọ́n sì sọ wọ́n di Project Row Houses. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń pàtẹ sínú àwọn kan. Láti 1996 sì ni wọ́n ti ní ètò ibùgbé fún àwọn ìyá tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀ tí wọ́n ń dá tọ́mọ.

Kí ni àtẹ̀gùn ilé wọ̀nyí? Kò tilẹ̀ tó ohun tí à ń pè ní àtẹ̀gùn. Orí òpó kúkúrú ni ilé náà dúró lé, kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, kí omi òjò má sì tètè wọlé. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré ló wà láàárín ilẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ìgbésẹ̀ díẹ̀ yẹn ń ṣe. Ẹni tí ó jókòó lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹni tí ń kọjá lọ lójú títì ń rí ojú ara wọn. "Ẹ káàárọ̀" kò ní láti di ariwo kí ó tó dé etí ẹni tí à ń kí. Ìgbésẹ̀ náà di àga fún ọmọdé, ó di ibi tí a ti ń dúró sọ̀rọ̀ fún àlejò tí kò fẹ́ wọlé. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni.

John Biggers, tí ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní yunifásítì Texas Southern ní 1949, tí ó sì rin ìrìn àjò dé Ghana, Togo, Dahomey àti Nàìjíríà ní 1957, rí ohun tí à ń wí yìí dáadáa. Nínú àwòrán rẹ̀ "Shotgun, Third Ward #1" ti ọdún 1966, ìta ni àwọn ènìyàn wà, níwájú ilé. Nínú "Shotguns" ti ọdún 1987, àwọn obìnrin ló dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn bí òpó tí ó gbé ilé ró. Biggers kò ya inú ilé. Ojú ilé ló yà, ibi tí ènìyàn àti àdúgbò ti ń pàdé.

Ọ̀mọ̀wé John Michael Vlach kọ ọ́ ní 1976 pé láti Haiti ni irú ilé yìí ti wọ New Orleans, àti pé bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé òpin, ilé oníyàrá méjì ti àwọn Yorùbá ni a óò bá níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ọmọ Yorùbá tí ó bá jókòó lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Holman ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kò ní ṣàìrántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀.

A kò sọ pé kí gbogbo wa padà sínú ilé yàrá mẹ́ta. Ìṣẹ́ ló há ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ inú irú ilé bẹ́ẹ̀, igi ìgbésẹ̀ ìta a sì máa jẹrà, kẹ̀kẹ́ arọ kò sì lè gun ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí à ń sọ ni pé ilé yẹn ní èrò kan lórí ẹni tí ń bọ̀ wá, èrò náà sì hàn nínú ìgbésẹ̀ rẹ̀.

Ìdí tí ilé fi ga sókè

Àwọn kan máa ń sọ pé ìgbéraga ló mú kí ilé tuntun Third Ward ga. Ìṣirò ilẹ̀ ni, kì í ṣe ìgbéraga. Ní 1998, ìjọba ìlú Houston tún òfin pípín ilẹ̀ ṣe: láàárín òpópónà ńlá tí ó yí àárín ìlú ká, èyí tí à ń pè ní Loop 610, ilẹ̀ tí wọ́n ń béèrè fún ilé kan, tí ó jẹ́ 5,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó tẹ́lẹ̀, lè wálẹ̀ di 1,400. Third Ward wà nínú òbìrí yẹn. Ibi tí ilé kan wà tẹ́lẹ̀, ilé mẹ́ta lè dúró síbẹ̀ báyìí. Ilé tí kò bá rí ibi gbòòrò sí, òkè ni yóò gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, torí ìṣirò ni iṣẹ́ wa. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ni láti ilẹ̀ àjà kan dé ilẹ̀ èkejì, ínṣì 120 nìyẹn. Ìlànà ilé gbígbé tí ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé kò gbà kí ìgbésẹ̀ kan ga ju ínṣì 7¾ lọ. Bí a bá pín 120 sí 7¾, ó ju 15 lọ díẹ̀, nítorí náà ìgbésẹ̀ 16 ni a nílò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ga ní ínṣì 7½. Láti ibi mọ́tò dé yàrá òkè jẹ́ 32. Bí Mama bá sọ̀ kalẹ̀ wá kí àlejò tí wọ́n sì padà lọ sùn, 64 ni wọ́n gùn tí wọ́n sì sọ̀. Ẹni ogójì ọdún kò ní kà á. Ẹni àádọ́rin ọdún ń kà á, a kàn kì í gbọ́ ni.

Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ló jẹ́ pé ilẹ̀kùn mọ́tò ló dojú kọ títì. Àtẹ̀gùn wà nínú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sí, ẹni tí ó wà lókè kò sì mọ ẹni tí ń kọjá. A kò bá ilé gogoro jà. Ilẹ̀ wọ́n, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbé. Ṣùgbọ́n nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ mọ́. Òun ni òpópónà ilé, òun ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ ọ yàn ju bí a ti ń yan àga pálọ̀ lọ.

Òkè kì í ṣe ọ̀tá

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àwa kò fẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rárá, ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tí kò jìnnà sí Holman. Ní 1939, Anna àti Clarence Dupree ṣí Eldorado Ballroom ní ìkóríta Elgin àti òpópónà tí à ń pè ní Dowling nígbà náà, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Emancipation Avenue ní 2017. Ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn ijó wà lókè. Ní àsìkò tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tiwọn mọ́ ènìyàn dúdú, àtẹ̀gùn yìí ni àwọn ará Third Ward gùn nínú aṣọ dáadáa wọn lọ gbọ́ Ray Charles àti B.B. King. Ilé náà di ti Project Row Houses ní 1999, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 2023.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àtẹ̀gùn gígùn kò ṣe nǹkan kan bí ohun tí ó wà lókè bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí a sì ronú nípa gbogbo ẹsẹ̀ tí yóò gùn ún. Ẹni tí ó jó níbẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún ní 1960 ti kọjá ọgọ́rin báyìí. Ìdí nìyí tí ìlànà fi le fún ilé iṣẹ́ àti ilé ìgbafẹ́ ju ilé gbígbé lọ: ìgbésẹ̀ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju ínṣì 7 lọ, ibi tí a ń tẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ínṣì 11, irin ìdìmú gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Láti ìgbà tí òfin àwọn aláàbọ̀ ara ti jáde ní 1990, oníṣòwò tí ó bá ń kọ́ ilé tuntun fún gbogbo ènìyàn kò lè sọ pé òun ti ṣe àtẹ̀gùn tó lẹ́wà kí ó sì gbàgbé ẹni tí ń bẹ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ alájà méjì, ẹ kọ́kọ́ fi èyí sí ìṣirò yín kí ẹ tó wo àwòrán kankan.

Irin àti sìmẹ́ńtì tí ó ní orúkọ

Àwa Yorùbá mọ iyì òkè. Ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀, ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti já a gbà, a sì fi ń ki olówó. Ilé alájà tí àwọn ajíhìnrere CMS parí ní Badagry ní 1845 ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń lọ wò. Lẹ́yìn náà ni àwọn Àgùdà dé láti Brazil pẹ̀lú ọ̀nà ìkọ́lé tiwọn, tí àṣà ìdènà onísìmẹ́ńtì lára fáráńdà òkè fi tàn kálẹ̀ láti Èkó dé Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Òṣogbo. Bíríkìlà kan kò ní ṣe ti ẹnìkejì rẹ̀ gan-an. Òmíràn a máa mọ kìnnìún sí i. Adébísí Àkànjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ bíi bíríkìlà lásán ní Òṣogbo, fi sìmẹ́ńtì ṣe ìdènà alárà fún ilé epo Esso nílùú náà, ó sì ṣe irú rẹ̀ sí igbó Ọ̀ṣun. Ilé epo ni o! Oníṣòwò kan gbà pé ìdènà ilé iṣẹ́ òun lè sọ̀rọ̀.

Ní Amẹ́ríkà níbí náà, Philip Simmons, alágbẹ̀dẹ aláwọ̀ dúdú ní Charleston, tí a bí ní 1912 tí ó sì kú ní 2009, fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ju 500 iṣẹ́ irin lọ: géètì, ọgbà, irin fèrèsé, irin fáráńdà. Ní 1982 ni ìjọba àpapọ̀ fún un ní oyè ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó bá ní irin Simmons lára ilé mọ ẹni tí ó rọ ọ́.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará wa bá ń béèrè pé ṣé ó bójú mu kí a ní kí wẹ́dà ṣe irin tí ó yàtọ̀, èsì wa ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó bójú mu púpọ̀. Ohun tí kò bójú mu ni kí gbogbo ilé tuntun ní àdúgbò kan ní irin dúdú gbọọrọ kan náà, tí a mú láti inú ìwé àwòrán kan náà, tí a sì ń pè é ní ìgbàlódé. Bí ẹ bá fẹ́ ẹyẹ, ẹ ní kí ó ṣe ẹyẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ọnà àdìrẹ, ẹ yà á fún un. Ṣùgbọ́n kí ọnà náà wà lábẹ́ ìlànà tí a fẹ́ sọ yìí.

Bí a ṣe ń yàn án

Èkíní, ẹ má ṣe da nǹkan méjì pọ̀. Réélì ni gbogbo ènìyàn ń pe méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Irin ìdènà ni èyí tí kò jẹ́ kí ènìyàn já bọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ilẹ̀ bá ti jìn ju ínṣì 30 lọ ni ìlànà ti ń béèrè rẹ̀, yóò sì ga tó ínṣì 36 nínú ilé, 42 níbi iṣẹ́. Irin ìdìmú ni èyí tí ọwọ́ ń gbá mú: ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ínṣì 34 sí 38 sókè, bí ó bá sì rí róbótó, kí ìbú rẹ̀ wà láàárín ínṣì 1¼ sí 2, kí ìka lè yí i ká. Pákó pẹlẹbẹ tí Mama gbé ọwọ́ lé, ìdènà ni, kì í ṣe ìdìmú. Nínú ilé, ìlànà gbà kí ìdìmú wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwa rọ̀ yín kí ẹ ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí ẹni tí apá kan rẹ̀ bá rọ nílò rẹ̀ ní lílọ àti ní bíbọ̀.

Èkejì, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìlànà ní àlàfo ìdènà kò gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù oní-ínṣì 4 kọjá. Nítorí orí ọmọ jòjòló ni. Wáyà a máa fà bí a bá tì í, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àlàfo rẹ̀ kéré sí i, bí ínṣì 3, kí òpó rẹ̀ má sì jìnnà sí ara wọn. Ẹ rántí pé wáyà tí a ta níbùú dà bí àkàbà lójú ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹni tí ó ní ọmọ kékeré nílé, irin olóròó ló yẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí ìgbésẹ̀ dọ́gba. Nínú àtẹ̀gùn kan, ìyàtọ̀ láàárín èyí tí ó ga jù àti èyí tí ó kúrú jù kò gbọ́dọ̀ ju ínṣì ⅜ lọ. Ẹsẹ̀ ènìyàn a máa kọ́ ìgbésẹ̀ méjì àkọ́kọ́, á sì gbẹ́kẹ̀ lé ìyókù. Bí ìkẹta bá yàtọ̀, ìṣubú dé. Ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn tó dára ló bàjẹ́ lọ́jọ́ tí onílé fi táìlì tuntun sí ìsàlẹ̀ tí kò sì fi sí ìyókù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi iye owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ṣe ìdájọ́. Afẹ́fẹ́ Houston tutù, ìpáàrà kì í sì í sùn níhìn-ín. Irin ìta tí a kò rì sínú síńkì kí a tó kùn ún yóò béèrè ọ̀dà lemọ́lemọ́. Gíláàsì fẹ́ kí a máa nù ún. Wáyà fẹ́ kí a máa fà á le. Igi tí ó dára, tí ó wà nínú ilé, kì í béèrè púpọ̀. Ẹ kọ owó ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó sọ pé ọ̀kan wọ́n, ọ̀kan pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí ilé bá ga, ẹ jẹ́ kí yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ kan wà nísàlẹ̀. Bí ààyè kò bá gbà, ẹ to kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan sórí èkejì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ̀rọ agbéniròkè lè gba ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ìdájọ́ wa lórí àtẹ̀gùn ilé ìkómọ yẹn nìyí: ó lẹ́wà, kò sì tíì parí. Ohun tí ó kù fún un kò pọ̀: kí a fi pákó dí ẹ̀yìn ìgbésẹ̀, kí a fi igi róbótó mọ́ ara ògiri àti mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Onílé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kò bínú, ó sì pe káfíńtà. Ṣùgbọ́n Mama ti padà sí Abẹ́òkúta kí igi ìdìmú tó dé. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n lò ní Houston, orí àga ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọmọ jó. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n dé pálọ̀ ọmọ wọn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ènìyàn méjì sì fà wọ́n gòkè. Wọn kò rí yàrá tí ọmọ náà ń sùn rí.

Ẹ̀yin ará wa, ilé tí à ń kọ́ lónìí, inú rẹ̀ ni àwa náà yóò ti darúgbó. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé agbaṣẹ́ṣe, ẹ mú àgbàlagbà kan àti ọmọdé kan lọ síbi àtẹ̀gùn tí ó ti ṣe fún ẹlòmíràn, kí ẹ ní kí wọ́n gùn ún, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ wọn. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti ń wá nǹkan dì mú tí kò rí i, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Ilé á tura fún gbogbo wa o.